Rédà ń sọ tirẹ̀, aléfòó ń sọ tirẹ̀: èwo ni ká gbà gbọ́ lórí ìṣàn ojú òkun?

Ọmọ_Etí_Òkun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ mẹ́rin, mo ní kí n gbé e wá síbí kí n tó máa bá ògiri jà.

Rédà méjì la fi ń wọn ìṣàn omi, méjèèjì ń ṣiṣẹ́ lórí 13.5 MHz, ìyẹn ìgbì rédíò mílíọ̀nù 13.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ibi tí òkun ti yà wọ ilẹ̀ la kó wọn sí: A wà létí ìwọ̀-oòrùn, B wà létí ìlà-oòrùn, kìlómítà 38 ló wà láàárín wọn, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ omi. Gúúsù ni ẹnu òkun kọjú sí. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí a ti tàn wọ́n. Ní wákàtí wákàtí ni wọ́n ń yàwòrán fún wa, àwọn ọfà kéékèèké tò lọ rẹrẹ lórí máàpù, ó dùn ún wò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá a ju aléfòó kan sómi. GPS wà lórí rẹ̀, a sì so aṣọ bí ìgbòkun mọ́ ọn nísàlẹ̀, ní nǹkan bíi mítà kan sínú omi, kí afẹ́fẹ́ má baà máa gbé e kiri. Wákàtí 31 ló fi rìn. Nígbà tó wà lóde lọ́hùn-ún, òun àti rédà ń sọ ohun kan náà, kò sí wàhálà. Ìgbà tó wọ àárín A àti B ni nǹkan dàrú. Aléfòó ní òun ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn ní 30 cm/s. Máàpù rédà ní omi ibẹ̀ ń sá lọ sí gúúsù, sí òkun gbangba, ní 78 cm/s!

Ta ló ń purọ́ nínú wọn?

Ìyá_Ìṣirò

Kí n tó sọ ohunkóhun: níbi tí aléfòó wà nígbà yẹn, tí o bá fa ìlà láti A dé ibẹ̀, tí o tún fa láti B, igun wo ni ìlà méjèèjì ṣe? Lọ wọ̀n ọ́n wá.

Akẹ́kọ̀ọ́_Físíìsì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, mo ń ka ọ̀rọ̀ yín ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò tólẹ̀. Rédà tí mo mọ̀ ni èyí tí wọ́n fi ń wo ọkọ̀ òfurufú. Irin nìyẹn, yóò dá ìgbì rédíò padà. Omi tó tẹ́ rẹrẹ ńkọ́? Báwo ni rédà ṣe máa mọ̀ pé omi ń ṣàn, nígbà tí omi tó ń lọ àti omi tó ń bọ̀ jọ ara wọn?

Bàbá_Áńtẹ́nà

Àbúrò, ìbéèrè gidi lo béèrè. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ya máàpù yìí ni kò ní lè dáhùn rẹ̀ bí o bá jí wọn lójú oorun.

Rédà yìí kì í rí omi. Ìgbì ló ń rí, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbì. Ìgbì òkun tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdajì gígùn ìgbì rédíò tí a rán jáde nìkan ló ń dá a lóhùn dáadáa. Ní 13.5 MHz, ìgbì rédíò gùn tó mítà 22.2. Ìgbì òkun tí orí kan jìnnà sí orí èkejì ní mítà 11.1 la ń wá nìyẹn.

Wò ó báyìí. Rédíò kọlu orí ìgbì kìíní, díẹ̀ padà. Ó kọjá, ó kọlu orí ìgbì kejì, díẹ̀ padà. Èyí tó ti ara ìkejì bọ̀ ti fi mítà 11.1 jìnnà sí i ní àlọ, ó tún fi 11.1 jìnnà sí i ní àbọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ 22.2, odidi gígùn ìgbì rédíò kan gééré. Nígbà tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ áńtẹ́nà, ẹsẹ̀ wọn bára mu, bí àwọn tó ń jó sí ìlù kan náà. Ti ìkẹta ń bọ̀ bẹ́ẹ̀, ti ìkẹrin ń bọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohùn kékeré kékeré yẹn kóra jọ di ńlá. Àwọn ìgbì tí gígùn wọn yàtọ̀, ohùn tiwọn ń pa ara wọn rẹ́ lójú ọ̀nà. Orúkọ Bragg ni wọ́n fi ń pè é, nítorí Bragg bàbá àti Bragg ọmọ ti fi irú òye yìí ka bí átọ́ọ̀mù ṣe tò nínú kírísítálì pẹ̀lú X-ray kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan òkun rárá.

Crombie, ní New Zealand, ló gbé ti òkun jáde ní 1955. 13.56 MHz ló lò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ èyí tí Ọmọ_Etí_Òkun ń lò. Ó rí i pé ohùn tó ń ti òkun padà kò fọ́n káàkiri. Ó dúró ṣánṣán sí ibì kan, nǹkan bíi 0.38 Hz sí èyí tí òun rán jáde. Ó ṣírò rẹ̀, ó bá a pé ìgbì tó gùn ní ìdajì ló lè fa irú rẹ̀.

Ibi tó dùn sí mi jù nìyí. Ìgbì mítà 11.1 nínú omi jíjìn kò lè sá eré tó wù ú. Gígùn rẹ̀ ló pàṣẹ eré rẹ̀. Fi 11.1 sọ 9.81 di púpọ̀, pín in sí 6.28, kí o wá nọ́ńbà tí bí o bá fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ yóò fún ọ ní iye yẹn. Ó di mítà 4.16 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Níbi gbogbo lágbàáyé tí omi bá ti jìn, eré tí yóò sá nìyẹn. Nítorí náà bí omi abẹ́ rẹ̀ bá dúró jẹ́ẹ́, mo ti mọ ibi tí ohùn rẹ̀ yóò bọ́ sí kí n tó tan ẹ̀rọ: 0.375 Hz sókè fún ìgbì tó ń bọ̀ wá bá mi, 0.375 Hz sísàlẹ̀ fún èyí tó ń sá lọ. Doppler la ń pe ìyípadà tí eré ohun tó dá rédíò padà ń mú bá ohùn rẹ̀; ṣóńṣó méjì ni wàá rí lójú àwòrán rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì.

Wá fojú inú wo ẹni tó ń rìn láti ìdí ọkọ̀ ojú omi lọ sí orí rẹ̀. O mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe yá tó. Bí o bá dúró sétí odò tí o rí i pé ó ń kọjá yára ju bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe yá lọ, ọkọ̀ ló ń gbé ìyókù. Ìyókù yẹn ni ìṣàn omi. Bí omi bá ń bọ̀ wá bá rédà ní ìdajì mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá, ṣóńṣó méjèèjì yóò jọ ṣí sókè ní 0.045 Hz. Kékeré ni, àbí? Ìdí nìyẹn tí a fi ń tẹ́tí fún ìgbà pípẹ́. Bí o bá gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú-àáyá 512, o lè ya ohun tó fi 0.002 Hz yàtọ̀ síra sọ́tọ̀, ìyẹn nǹkan bíi 2 cm/s.

Akẹ́kọ̀ọ́_Físíìsì

Háà! Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Ó wá yé mi. Ẹ̀rọ tó ń fi 13 mílíọ̀nù sọ̀rọ̀, ìdá díẹ̀ nínú ẹyọ kan lẹ ń wá nínú ẹ̀.

Bí kò bá wá sí ìgbì mítà 11 lójú omi lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?

Ẹlẹ́rọ_Òru

@Akẹ́kọ̀ọ́_Físíìsì máàpù á dá bí aṣọ tí eku jẹ nìyẹn. Bí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òkun dà bí dígí, kò sí ẹni tí yóò dáhùn. Àwọn tó wà lórí 5 MHz ló máa ń mọ̀ ọ́n lára jù, torí ìgbì mítà 30 ni tiwọn, afẹ́fẹ́ kékeré kì í gbé irú ẹ̀ dìde. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ríran jìnnà, bíi 200 kìlómítà, nígbà tí àwa tó wà lórí 13 ń rí nǹkan bíi 70, tí 25 MHz ń rí nǹkan bí 40. Bí ìjì bá tún le jù, nǹkan á tún bàjẹ́ lọ́nà mìíràn: ìgbì ńláńlá á kó ariwo bo ṣóńṣó méjì yẹn mọ́lẹ̀.

Èmi tó jẹ́ pé òru ni mò ń ṣọ́ ẹ̀rọ, ìjà tèmi yàtọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, rédíò àwọn tó jìnnà réré á máa gba ojú ọ̀run fò wọlé, ọ̀nà tí rédà ń rí á sì kúrú. Omi iyọ̀ ló ń ràn wá lọ́wọ́, òun ló ń gbé ìgbì rédíò tẹ̀lé ojú òkun kọjá ibi tí ojú lè rí. Níbi tí odò ńlá ti ń tú omi aláìníyọ̀ sínú òkun, wàá rí i pé ó kúrú.

Ọmọ_Etí_Òkun

@Ìyá_Ìṣirò mo ti wọ̀n ọ́n, mà. Igun náà jẹ́ dígírì 164.

Ìyá_Ìṣirò

Mo fura bẹ́ẹ̀.

Rédà kan ṣoṣo ò mọ ju ohun méjì lọ: ó ń bọ̀ wá bá mi, àbí ó ń kúrò lọ́dọ̀ mi. Omi tó ń gba iwájú rẹ̀ kọjá láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún, kò rí i. Radial ni a ń pe ìdajì ọ̀rọ̀ tí rédà kọ̀ọ̀kan ń sọ yẹn. A ń fi ti A àti ti B pọ̀ kí á tó rí ọfà kan. Bí ìlà wọn bá pàdé ní dígírì 90, ó dára bí ẹni fi rúlà wọ̀n ọ́n. Bí igun bá ti ń sún mọ́ 180, àwọn méjèèjì ń wo ọ̀nà kan náà, ìkan láti iwájú, ìkan láti ẹ̀yìn, kò sì sí ẹni tó ń wo ẹ̀gbẹ́.

Ẹ̀gbẹ́ yẹn ni kọ̀ǹpútà rẹ ń fi ìṣirò wá, láti inú ìyàtọ̀ kékeré tó wà láàárín A àti B. Ní dígírì 164, àṣìṣe inú radial á di ìlọ́po márùn-ún kó tó dé orí ọfà. Tí radial kọ̀ọ̀kan bá fi 5 cm/s ṣìnà, apá gúúsù àti àríwá nínú ọfà rẹ á fi 25 ṣìnà. GDOP ni orúkọ rẹ̀. Ibi tí igun bá ti kọjá 150 tàbí tí kò tó 30, ẹ pa á rẹ́ lórí máàpù kí ẹnikẹ́ni tó gbà á gbọ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà máàpù o. Ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà ń lo irú ìwọ̀n yìí nínú ètò SAROPS wọn láti ṣírò ibi tí omi máa gbé ẹni tó jábọ́ sínú òkun lọ. Bí ìṣàn bá fi 50 cm/s yàtọ̀ sí òótọ́, ní wákàtí mẹ́fà ẹ ti ń wá onítọ̀hún ní ibi tó fi kìlómítà 10.8 jìnnà sí i.

Atukọ̀_Àná

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i díẹ̀. Mo ti lo ọjọ́ ayé mi lójú omi, n ò sì fi bẹ́ẹ̀ gba àwọn ẹ̀rọ yìí gbọ́. Ẹ̀ ń sọ ìṣàn omi, ìṣàn omi. Omi ibo? Awọ òkè pátápátá tí afẹ́fẹ́ ń fọwọ́ pa lórí, àbí ti ìsàlẹ̀ tó ń fa àwọ̀n? Mo ti rí ọjọ́ tí fóòmù ojú omi ń lọ sọ́tùn-ún tí okùn ìdákọ̀ró mi ń fà sósì.

Ẹ tún wo èyí náà. Aléfòó kan ṣoṣo, ojú kan ló wà. Rédà yín ń wo ojú omi tó fẹ̀ tó abúlé mẹ́ta. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí wọ́n bára mu?

Ìyá_Ìṣirò

@Atukọ̀_Àná òótọ́ lẹ sọ, bàbá, ọ̀rọ̀ yín sì nídìí. Ìṣírò Stewart àti Joy ti 1974 ló dá ti àkọ́kọ́ lóhùn: jíjìn tí rédà ń wọ̀n jẹ́ nǹkan bíi gígùn ìgbì rédíò tí a pín sí ọ̀nà 25. Ní 13.5 MHz ó tó 90 sẹ̀ǹtímítà. Ní 25 MHz ó jẹ́ nǹkan bí ìdajì mítà, ní 5 MHz ó tó mítà méjì àbọ̀. Aṣọ tí Ọmọ_Etí_Òkun so sí mítà kan mú ibi tó yẹ, mo kí i fún un. Bí ó bá ju ike lásán sómi ni, afẹ́fẹ́ ni ì bá wọ̀n.

Ti èkejì, bẹ́ẹ̀ ni. Ojú kọ̀ọ̀kan lórí máàpù jẹ́ bíi kìlómítà mẹ́ta bí ẹ̀rọ bá ń lo báńdì 50 kHz, àròpọ̀ wákàtí kan sì ni. Aléfòó ò ní bá a mu géérégé láéláé. Kí wọ́n fi 7, 8, àní 12 cm/s yàtọ̀, kò sí ẹni tó máa ké. Ṣùgbọ́n 30 sí ìwọ̀-oòrùn àti 78 sí gúúsù? Rárá o.

Bàbá_Áńtẹ́nà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo gbà fún yín lórí GDOP, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n tako yín díẹ̀. Ẹ ní kí ó pa ibẹ̀ rẹ́. Bí ó bá pa á rẹ́, máàpù á mọ́, àìsàn á sì wà nínú ara síbẹ̀.

@Ọmọ_Etí_Òkun gbé máàpù ọfà sílẹ̀. Lọ sínú fáìlì radial. Wo ojú ìlà tó lọ tààrà láti A dé B, kí o sì wo àárín rẹ̀. Níbẹ̀, bí A bá ní omi ń bọ̀ wá bá òun ní 30, B gbọ́dọ̀ ní omi ń kúrò lọ́dọ̀ òun ní 30. Omi kan náà ni, ọ̀nà kan náà ni. Ibi tó burú jù fún ọfà ni ibi tó dára jù láti fi dán rédà méjèèjì wò, o ò sì nílò aléfòó fún un. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní omi láàárín rédà wọn, ìwọ ní in.

Nígbà tó o bá débẹ̀, má wo ọjọ́ kan. Ya ìyàtọ̀ wọn láti ọjọ́ kìíní dé òní.

Ọmọ_Etí_Òkun

Ẹ kú ọgbọ́n o. Mo ti ṣe é, ara mi sì bù máṣọ.

Lákọ̀ọ́kọ́, wákàtí tí aléfòó wà níbẹ̀: A ní omi ń bọ̀ wá bá òun ní 28 cm/s. B ní ó ń kúrò lọ́dọ̀ òun ní 47. Mo fi ti aléfòó ṣírò ohun tó yẹ kí wọ́n rí: 29.7 fún àwọn méjèèjì. A tọ̀nà. B ló ń sọ̀sọkúsọ.

Lẹ́yìn náà mo ya ọ̀sẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ 16, ìyàtọ̀ láàárín A àti B kò ju 5 cm/s lọ lójú ìlà yẹn. Ọjọ́ 17, láàárín aago mẹ́wàá sí aago kan ọ̀sán, ó fò sókè sí 15, kò sì sọ̀kalẹ̀ mọ́ títí di òní. Bí àtẹ̀gùn ló rí lójú àwòrán.

Bàbá_Áńtẹ́nà

Òkun kì í gun àtẹ̀gùn. Kí lẹ ṣe lọ́jọ́ 17?

Ẹlẹ́rọ_Òru

Ẹ yẹ wáyà wò o. Ìgbà tí tèmi dà bẹ́ẹ̀, eku ló jẹ rọ́bà ara ọ̀kan nínú wáyà mẹ́ta, iyọ̀ wọ inú rẹ̀, kọ́pà inú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Ẹ tún wo ibi tí wáyà ti wọ ìdí áńtẹ́nà, omi máa ń sápamọ́ síbẹ̀.

Ọmọ_Etí_Òkun

Mo pe ẹni tó ń tọ́jú ibùdó B. Wáyà dá ṣáká. Ó kọ́kọ́ ní àwọn ò ṣe nǹkan kan. Mo tún bi í. Ó ní àh, àfi kọ́ńténà irin tí wọ́n gbé wá láti máa kó jẹnẹrétọ̀ sí. Ọjọ́ wo? Ọjọ́ 17. Níbo lẹ gbé e sí? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ áńtẹ́nà, mítà mẹ́sàn-án, torí ibẹ̀ ló tẹ́jú!

Ìyá_Ìṣirò

😂😂 Mo gba ìbáwí mi. Ká ní ó pa á rẹ́ bí mo ṣe ní, kọ́ńténà ì bá ṣì jókòó síbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Físíìsì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ṣàlàyé fún mi. Kọ́ńténà wà lórí ilẹ̀, ìgbì wà nínú òkun. Báwo ni ìkan ṣe kan ìkejì? Doppler rẹ̀ ò kúkú yí padà.

Bàbá_Áńtẹ́nà

O gbọ́n. Doppler ò yí padà lóòótọ́. Eré tí B wọ̀n tọ̀nà. Ibi tó ní ó ti wá ni kò tọ̀nà.

Oríṣi áńtẹ́nà méjì ló wọ́pọ̀. Àwọn kan máa ń to áńtẹ́nà 8 tàbí 16 sórí ìlà létíkun, irú WERA tí wọ́n ṣe ní yunifásítì Hamburg ní Jámánì. Wọ́n ń fi àpapọ̀ wọn kọjú sí ibi tí wọ́n bá fẹ́. Irú kejì ni CODAR, tí Barrick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní NOAA, àjọ òkun àti ojú ọjọ́ Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Òpó kan ṣoṣo: wáyà róbótó méjì tó dábùú ara wọn, àti ọ̀pá kan tó nà gbọọrọ. Ti Ọmọ_Etí_Òkun nìyẹn. Kò gba ààyè, ṣùgbọ́n ó ń fi etí mẹ́ta mọ ibi tí ohùn ti wá. Bí ohùn bá le ní etí kan ju ìkejì lọ, ó ń fi ìṣirò tí a ń pè ní MUSIC mọ igun rẹ̀. Ìwọ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú etí méjì tí ẹnì kan bá pè ọ́ nínú òkùnkùn.

Wá gbé irin ńlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ kan. Ìgbì rédíò á kọlù ú, á ta padà, etí rẹ á máa gbọ́ ohùn kan náà láti ọ̀nà méjì. Ọkàn rẹ á ní láti ìlà-oòrùn ni wọ́n ti pè mí, bẹ́ẹ̀ àríwá ni. B gbọ́ ìṣàn tó wà níbòmíràn, ó wá lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìlà A sí B.

Ìlànà àmúlò: ẹ má jẹ́ kí irin sún mọ́ ọn tó gígùn ìgbì rédíò kan. Tiyín, mítà 22. Mẹ́sàn-án ti sún mọ́ jù.

Ọmọ_Etí_Òkun

A ti gbé kọ́ńténà kúrò láàárọ̀ yìí, ó ti wà ní mítà 60 lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ. Ọ̀la la fẹ́ gbé ọkọ̀ ojú omi jáde láti wọn bí áńtẹ́nà B ṣe ń gbọ́ràn. Mo mọ̀ pé èèyàn máa ń gbé ẹ̀rọ tó ń dá rédà lóhùn sínú ọkọ̀, tí á fi yí ibùdó po. Ta ló ti ṣe é rí?

Atukọ̀_Àná

Èmi ti wa ọkọ̀ fún àwọn kan tó ń ṣe irú ẹ̀. Ẹ̀rọ yín ò wù mí ṣùgbọ́n mo mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ kí ọkọ̀ rìn. Ẹ dúró ní bíi kìlómítà kan àbọ̀ sí etíkun, kí ẹ máa yí bí ẹni fi okùn so mọ́ òpó, kí jíjìn yín má yí padà. Ẹ rọra. Àwọn ọmọ máa ń fẹ́ kí iṣẹ́ tètè parí kí wọ́n relé, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, ìṣirò á sì bàjẹ́. Ẹ yí i lọ, ẹ tún yí i bọ̀. Ibi tí àlọ àti àbọ̀ kò bá ti bára mu, ẹ tún un ṣe. Kí ẹ sì jẹ́ kí òpó ẹ̀rọ tó wà nínú ọkọ̀ ga ju orí ènìyàn lọ. Ọ̀kan nínú wọn dìde dúró láti ya fọ́tò, a pàdánù dígírì ogún.

Ọmọ_Etí_Òkun

Ẹ ṣeun, bàbá. N ó sọ fún wọn nípa fọ́tò 😄

Akẹ́kọ̀ọ́_Físíìsì

Kí wọ́n tó dé, ẹ jẹ́ kí n béèrè kan. Kí ló dé tí a ò fi sátẹ́láìtì ṣe gbogbo èyí, kí kọ́ńténà má baà rí wa?

Ẹlẹ́rọ_Òru

Sátẹ́láìtì ń ṣe tirẹ̀ ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀. SWOT tí wọ́n jù sókè ní Disẹ́ḿbà 2022 ń wọn gíga ojú òkun. Níbi tí omi bá ti ga ju ibòmíràn lọ, a lè ṣírò ìṣàn láti inú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀. Ó dára fún ìṣàn ńláńlá inú agbami. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 21 ló ń gbà kó tó padà sórí ipa kan náà, bẹ́ẹ̀ ìṣàn etíkun lè yí padà kí o tó jẹun tán. Ìṣirò yẹn tún ń kú bí o bá ti sún mọ́ agbedeméjì ayé, torí agbára yíyí ayé tó gbé e ró kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn kan ń fi SAR, rédà tó ń yàwòrán láti orí sátẹ́láìtì, wo Doppler pẹ̀lú, ó ń fún wọn ní àwòrán ìṣẹ́jú kan. Tiwa ń jókòó síbì kan, ó ń wo wákàtí dé wákàtí. Ní 2011, nígbà tí tsunami Japan ṣẹlẹ̀, àwọn rédà bí èyí tó wà ní Japan àti California rí ìṣàn rẹ̀ bó ṣe ń wọlé. Sátẹ́láìtì tó ń padà ní ọjọ́ 21 ò lè ṣe ìyẹn.

Ọmọ_Etí_Òkun

Mo ti dé o. A yí i lọ, a yí i bọ̀, òòrùn jẹ wá ní ìjẹkújẹ. Àpẹẹrẹ tuntun bí áńtẹ́nà ṣe ń gbọ́ràn ti wà nínú ẹ̀rọ B láti ọjọ́ mẹ́ta. Lójú ìlà A sí B, ìyàtọ̀ ti sọ̀kalẹ̀ láti 15 sí 4 cm/s.

Mo tún ṣe ohun kan fúnra mi. Mo mú ipa ọ̀nà aléfòó ti ọjọ́ yẹn, mo fi wé radial B, àmọ́ mo ń sún igun B díẹ̀ díẹ̀ títí wọn yóò fi bára mu jù. Dígírì 14 ló já sí. Ní kìlómítà 19, ìyẹn ti fi kìlómítà mẹ́rin àbọ̀ ṣì í. Irin kan lásán!

Mo gba ìmọ̀ràn Ìyá_Ìṣirò náà o. Ibi tí igun bá ti kọjá 150, mo ti yọ ọ́ lórí máàpù ọfà. Ṣùgbọ́n mo fi radial ibẹ̀ sílẹ̀ ní ojú ewé tirẹ̀, mo ń wò ó láràárọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Láti ọjọ́ 17 títí di ọjọ́ tí a gbé kọ́ńténà kúrò, ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ṣé gbogbo ìwọ̀n B ìgbà yẹn ti ṣòfò nìyẹn? Fáìlì Doppler rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, n ò pa ìkankan rẹ́.

Bàbá_Áńtẹ́nà

O káre tí o kò pa wọ́n rẹ́. Wọn ò ṣòfò. Eré inú wọn tọ̀nà, igun ló ṣì. Bí o bá ní àpẹẹrẹ bí áńtẹ́nà ṣe ń gbọ́ràn nígbà tí kọ́ńténà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, o lè tún gbogbo rẹ̀ ṣírò. Ṣé ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó gbé kọ́ńténà kúrò?

Ọmọ_Etí_Òkun

…

Rárá o, bàbá.

Ìyá_Ìṣirò

Ẹ lọ gbé e padà fún ọjọ́ kan.

Ọmọ_Etí_Òkun

Ẹ̀gbọ́n, kọ́ńténà tí a fi kréènì gbé?

Bàbá_Áńtẹ́nà

Òun náà ni. Ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an, kí ó kọjú sí ibi tó kọjú sí. Ṣé ẹ mọ ibẹ̀ dájú?

Ọmọ_Etí_Òkun

Ẹni tó ń tọ́jú ibùdó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fọ́tò ránṣẹ́. Koríko abẹ́ rẹ̀ ti pọ́n, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ hàn ketekete nílẹ̀. Òjò ọ̀sẹ̀ yìí ló ń bà mí lẹ́rù, koríko tuntun ti fẹ́ máa yọ. Mo ti pe oníkréènì. Ó ní ṣé orí mi pé.